Ta Ni Òkìkí Rẹ̀ Kàn Jù Nínú Àwọn Gbajúmọ̀ Tó Díje Ijó Lórí Tẹlifíṣàn?

Bí àwọn olólùfẹ́ ètò ìdíje ijó àwọn gbajúmọ̀ bá pàdé, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í lè parí: nínú gbogbo àwọn tó ti bọ́ sí agbo ijó yẹn, ta ni ayé mọ̀ jù? Ará Amẹ́ríkà á dárúkọ ará Amẹ́ríkà, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á dárúkọ ẹni tó máa ń rí lórí BBC. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko ẹni tó tó ti bàbá òun. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdáhùn, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìtàn ètò náà, torí ó ti kúrò ní ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀dọ̀ BBC ló ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1950 ni wọ́n gbé ètò kan tó ń jẹ́ Come Dancing jáde. Eric Morley, ọkùnrin kan náà tó dá ìdíje Miss World sílẹ̀, ló pilẹ̀ rẹ̀. Kò sí gbajúmọ̀ kankan nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn tó mọ ijó dáadáa láti àgbègbè kan ló ń kojú àwọn ti àgbègbè mìíràn. Ó wà lórí afẹ́fẹ́ títí di ọdún 1998. Nígbà tí BBC fẹ́ jí i dìde, wọ́n yí ìdí rẹ̀ padà: wọ́n mú ẹni tí ìlú mọ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó ń fi ijó jẹun. Ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún 2004 ni Strictly Come Dancing kọ́kọ́ jáde, Bruce Forsyth àti Tess Daly sì ni atọ́kùn. Apá kan orúkọ rẹ̀ wá láti ara Come Dancing, apá kejì láti ara Strictly Ballroom, fíìmù tí Baz Luhrmann ṣe ní Ọsirélíà ní 1992. Natasha Kaplinsky, tó ń ka ìròyìn, ló kọ́kọ́ gbégbá orókè, òun àti Brendan Cole tó kọ́ ọ níjó.

Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn méjì-méjì yìí á kọ́ ijó tuntun, wọ́n á jó o níwájú àwọn adájọ́ tí ń fún wọn ní máàkì, àwọn tó ń wò nílé náà á dìbò. Wọ́n á pa máàkì àti ìbò pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò yọ ẹnì kan kúrò nínú àwọn tó rẹ̀yìn. Ìbò yìí ló sọ òkìkí di ohun ìjà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lè pẹ́ nínú ìdíje bí aráyé bá ti fẹ́ràn rẹ̀, bí Ed Balls, tó ti ṣe mínísítà rí, ṣe pẹ́ nínú ti ọdún 2016. Ọdún yẹn kan náà ni Ore Oduba, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ BBC tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú Joanne Clifton. Inú mi dùn sí i gan-an, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ètò yìí tí n kì í dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìkí tirẹ̀, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Kí ọdún 2004 tó parí, Ọsirélíà ti ṣe tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2005, Ítálì gbé Ballando con le Stelle sórí Rai 1, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, iléeṣẹ́ ABC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ Dancing with the Stars. Ukraine tẹ̀ lé e ní 2006. Orílẹ̀-èdè tó ti ṣe é lónìí lé ní 60. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú: ijó ibẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Kúbà ni cha-cha-cha àti rumba ti ṣẹ̀, Bràsíl ni samba ti ṣẹ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ wọ̀nyẹn sì wà nínú ìlù wọn. Ó yẹ kí àwọn atọ́kùn máa sọ ọ́ ketekete.

Ní Amẹ́ríkà ni àríyànjiyàn yìí ti gbóná jù, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń ṣì í jù. Àwọn ará ibẹ̀ a máa ka àwọn eléré NFL, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, mọ́ ẹni tí ayé mọ̀. Jerry Rice ṣe ipò kejì ní 2006, Emmitt Smith sì gbégbá orókè lọ́dún yẹn kan náà. Ọba ni àwọn méjèèjì nílé wọn. Ẹ wá dárúkọ wọn ní Ìbàdàn tàbí ní Kùtọnu, kí ẹ wo ojú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Eré tí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo fi sọ́kàn kò lè gbé orúkọ ènìyàn yí ayé ká. Ti àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Evander Holyfield wà nínú ìdíje àkọ́kọ́ ní 2005. Laila Ali, ọmọ Muhammad Ali, ṣe ipò kẹta ní 2007. Ọdún yẹn náà ni Floyd Mayweather wá jó, lẹ́yìn tó na Oscar De La Hoya ní oṣù Karùn-ún, kó tó na Ricky Hatton ní oṣù Kejìlá. Kò rìn jìnnà níbi ijó.

Ẹnì kan wà tí wọn kì í kà sí tó, ìyẹn Buzz Aldrin. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà tó jó ní 2010, ọkùnrin kejì tó fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Wọ́n tètè yọ ọ́. Ìṣẹ́gun tirẹ̀ wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ayé, àmọ́ ẹ bi ọmọ iléèwé léèrè ẹni tó lọ sí òṣùpá, Neil Armstrong ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Pamela Anderson, òṣèré, jó nínú ìdíje ọdún yẹn kan náà. Orúkọ òun tilẹ̀ ń tajà kọjá Amẹ́ríkà, torí wọ́n pè é lọ jó lórí tẹlifíṣàn ní Ajẹntínà ní 2011 àti ní ilẹ̀ Faransé ní 2018.

Àwọn kan wà tí òkìkí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nígbà tí wọ́n jó. Kim Kardashian jó ní 2008, nígbà tí ètò ìdílé wọn kò tíì pé ọdún kan lórí afẹ́fẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́. Lónìí, àwọn tó ń tẹ̀ lé e lórí Instagram lé ní mílíọ̀nù 300. Ọmọ ọdún 16 ni Zendaya nígbà tó ṣe ipò kejì ní 2013, òṣèré àwọn ọmọdé lórí Disney ni nígbà náà. Spider-Man, Euphoria àti Dune ló wá sọ ọ́ di ẹni ayé. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló borí, òkìkí tòní ló ń gbé lọ bá ìdíje àná.

Bí a bá tilẹ̀ gba irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ láyè, Amẹ́ríkà kọ́ ni olúborí yóò ti wá. Ní 2006, aláwàdà kan ní Ukraine, Volodymyr Zelensky, wọ ìdíje àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà ṣe lórí tẹlifíṣàn 1+1, òun àti Olena Shoptenko. Wọ́n gbégbá orókè. Fídíò rẹ̀ ṣì wà: ó wọ aṣọ píǹkì, ìbàdí rẹ̀ ń mì, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ó mọ̀ pé àwàdà ni iṣẹ́ òun, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣi ìlù. Ní 2015 ó ṣe olùkọ́ tó di ààrẹ nínú eré kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 wọ́n dìbò fún un ní tòótọ́, ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ló sì gbà. Nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọ ilẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2022, fídíò ijó yẹn tú yáyá káàkiri ayé. Nínú àwọn tó gba ife-ẹ̀yẹ ijó yìí, n kò rí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wọ ìtàn ayé tó tirẹ̀.

Síbẹ̀, ọkùnrin mìíràn wà. Ní ọdún 2005, Diego Maradona, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Ajẹntínà, bọ́ sí agbo ijó Ballando con le Stelle ní Ítálì. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Kòlóńbíà nítorí pé ó sanra jù, ó ti fọn, ara rẹ̀ ti yá. Kò jó o dé òpin. Òun fúnra rẹ̀ ló fà sẹ́yìn. Àwọn kan tìtorí èyí yọ ọ́ kúrò nínú àríyànjiyàn náà, n kò sì bá wọn gbà. Ó díje, ó jó, ó ti tó. Ítálì kò gbàgbé pé òun ló mú Napoli gba ife líìgì ní 1987 àti 1990. Ayé kò gbàgbé ife àgbáyé ti 1986.

Àwa náà ńkọ́? Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wá orúkọ tí wọn yóò fi pe ààrẹ ológun tí kì í ṣe é dì mú, Maradona ni wọ́n pe Ibrahim Babangida, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ìtumọ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà, ọdún 1994, nítòsí Boston, Nàìjíríà kojú Ajẹntínà nínú ife àgbáyé. Samson Siasia ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwa ni a ń borí. Caniggia ti Ajẹntínà dá a padà. Kò pẹ́, Maradona sáré gbá free kick kí àwọn tiwa tó tò tán, Caniggia gbà á, ó gbá a kọjá Peter Rufai. Ìgbà tí eré parí, nọ́ọ̀sì kan fa Maradona lọ́wọ́ lọ síbi àyẹ̀wò oògùn, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún Ajẹntínà mọ́ láéláé. Àwọn tó wo eré yẹn lórí tẹlifíṣàn dúdú-àti-funfun ṣì ń sọ ọ́ dòní.

Zelensky lọ gba òkìkí tirẹ̀ lẹ́yìn ijó. Maradona gbé tirẹ̀ wọ agbo ijó ní odindi, àgbẹ̀, ọlọ́jà àti ọmọdé lọ́tùn-ún lósì ayé ló sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó wọ bàtà ijó. Ohun tí ìbéèrè náà ń béèrè nìyẹn. Maradona ni.