Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Ọ̀nà Igbó Tàbí Ọ̀nà Ọ̀dà?

Ní 1888 ni John Dunlop ṣe táyà alátẹ́gùn fún kẹ̀kẹ́. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà ìwọ̀-oòrùn Ẹ̀gùá. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ di ẹsẹ̀ fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò ibẹ̀.

Ọ̀nà igbó jìnnà sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò àti iyanrìn ń fi ìyà jẹ ọwọ́ àti ẹ̀yìn. Ọ̀nà ọ̀dà tu orúnkún lára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè gbá ni. Àwọn ará California tó ṣe kẹ̀kẹ́ orí òkè ní àwọn ọdún 1970 fi táyà nínípọn àti jíà dín ìnira kù.

Nítorí náà, ara ẹni ni kí ó yan ọ̀nà, kì í ṣe ìtìjú lójú ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ a dúró de aláìlera níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.