Ìgbẹ́sà àti Ìdẹnukọlẹ̀ Ọrọ̀ Ajé Ọdún 2016

Kì í ṣe epo rọ̀bì ni wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́sà. Ilé iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ní àgbègbè òwò ọ̀fẹ́ Ògùn òun Guangdong ti ilẹ̀ Ṣáínà. Síbẹ̀, nígbà tí owó epo wálẹ̀, wàhálà náà kan irú àgbègbè bẹ́ẹ̀.

Ní àárín ọdún 2014, àgbá epo kan ju 100 dọ́là lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, kò tó 30 mọ́. Owó epo ni Nàìjíríà fi ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú dọ́là tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ra èròjà láti òkè òkun. Dọ́là wọ́n, náírà já wálẹ̀, èròjà gbówó lórí. Lọ́dún náà, ọrọ̀ ajé fà sẹ́yìn ní ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ọdún 2017, owó epo gòkè, iye tí wọ́n ń wà pọ̀ sí i, Báńkì Àpapọ̀ sì ṣí ọ̀nà tuntun fún pàṣípààrọ̀ owó. Ọrọ̀ ajé dìde. Ṣùgbọ́n epo tó dá àìsàn náà sílẹ̀ ló tún wò ó. Nígbà tí àrùn kòrónà ba ọjà epo jẹ́ ní ọdún 2020, àìsàn náà padà dé.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ilé iṣẹ́ tó ń rí èròjà rẹ̀ nínú ilé ni ọ̀wọ́n dọ́là kò ní tètè bì ṣubú.