Ewé Akíntọ́lá àti Ọgbẹ́ Oko

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni Akíntọ́lá, ìdáhùn méjì ni mo ní. Èkíní ni Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, tí àwọn ológun sì pa ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966. Èkejì ni ewé. Kò sí ọmọ ilé ìwé tó ti gé koríko lẹ́yìn kíláàsì rí tí kò mọ̀ ọ́n. Ewé rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, ó ní iṣan mẹ́ta tó là á láti ìdí bí ẹni tó kọ pélé, bí a bá sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Bí àdá bá ṣá ẹnìkan lóko, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń já.

Ní ọdún tó kọjá, kíláàsì wa ṣe àríyànjiyàn lórí ìṣègùn ìbílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ fi ewé Akíntọ́lá ṣe àpẹẹrẹ, ó ní àwọn babańlá wa ti ń fi í dá ẹ̀jẹ̀ dúró láti ìgbà Odùduwà. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n orúkọ ewé náà kò jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Ta ni yóò fi orúkọ ẹni tó gorí oyè ní 1959 pe ohun tó ti wà láti ìgbà Odùduwà?

Orúkọ jẹ́ ẹ̀rí fún ẹni tó bá ń wá ìtàn. Efínrín, ewúro, imí eṣú: kò sí olóṣèlú kankan nínú orúkọ wọn, nítorí wọ́n ti ní orúkọ kí òṣèlú tó dé. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni àwọn ènìyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wọn lásìkò náà pè. Ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pe ewé yìí kan náà. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Àwọn méjì tí ìjà wọn nínú ẹgbẹ́ Action Group dá rúgúdù sílẹ̀ ní 1962 ni wọ́n jọ ń pín ewé kan ṣoṣo! Ní Gánà, Acheampong ni wọ́n ń pè é, ìyẹn orúkọ ọ̀gágun tó ṣe ìjọba níbẹ̀ láti 1972 sí 1978. Ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, wọ́n so ó mọ́ àwọn Kọ́múníìsì. Àwọn ará Vietnam ní tiwọn pè é ní koríko Laos, wọ́n dì í ru orílẹ̀-èdè tó múlé tì wọ́n. Kò sí ẹni tó pè é ní tirẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Carl Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewéko lórúkọ, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1759, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ń pè é ní Chromolaena odorata lónìí. Ọkọ̀ òkun gbé e dé Éṣíà. Àwọn tó ń kọ́ nípa èpò kọ ọ́ sílẹ̀ pé èso rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ èso igi mẹlínà tí wọ́n kó wá sí Nàìjíríà láti Ceylon, tí a mọ̀ sí Sri Lanka nísinsìnyí, ní nǹkan bí ọdún 1937, àti pé wọ́n rí i lẹ́bàá Enugu ní nǹkan bí 1942. Láti ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ṣe iṣẹ́ tó kù. Èso rẹ̀ kéré, ó ní irun bí òwú, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń fò. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ń lẹ̀ mọ́ ara ewúrẹ́, ó ń bá ọkọ̀ rin ìrìn àjò. Nígbà tí Akíntọ́lá fi wà lórí oyè, èpò náà ti ń gba oko káàkiri, orúkọ sì mọ́ ọn lára.

Bàbá àgbà mi, àgbẹ̀ oníkòkó, ni mo lọ bá. Wọn kò mọ ọjọ́ ìbí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti tó ọmọ tó ń ru kòkó lọ sọ́jà nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, kí ni wọ́n ń fi sí ọgbẹ́ àdá?”

Wọ́n ní, “Oje lápálàpá ni. Bí lápálàpá ò bá sí nítòsí, a ó já imí eṣú.”

“Akíntọ́lá ńkọ́, Bàbá?”

“Akíntọ́lá wo? Kò tíì sí nígbà yẹn. Etí títì la ti kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn náà ó wọ oko tí a ti pa tì. Kí á tó mọ̀, ó ti jẹ gàba.”

Mo kọ èyí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. (Igi lápálàpá fúnra rẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ṣùgbọ́n n kò sọ fún Bàbá lọ́jọ́ náà.) Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí egbòogi tuntun ṣe lè gbilẹ̀ láàrin ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Mo rò pé imí eṣú ló ṣí ọ̀nà fún un. Ẹbí kan náà ni àwọn méjèèjì nínú ìmọ̀ ewéko. Ẹ wo òdòdó wọn, ẹ ó rí i pé wọ́n jọra. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti fi imí eṣú wo ọgbẹ́ fún rí, tó bá wá rí ewé tuntun tó fara jọ ọ́ tó sì ń rùn bí oògùn, yóò dán an wò. Àwọn ará Vietnam náà dán an wò láìbéèrè lọ́wọ́ wa.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n á já ewé tútù, wọ́n á ra á títí omi rẹ̀ yóò fi yọ, wọ́n á fún omi náà sójú ọgbẹ́, wọ́n á fi ewé tó kù lé e, wọ́n á wá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Lójú tèmi, títẹ̀ yẹn ni àgbà gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ẹnikẹ́ni nípa ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni pé kí ó tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ìyìn tí ewé ń gbà, ọwọ́ ló ni ìlàjì rẹ̀. Síbẹ̀, kí á má rẹ́ ewé jẹ: àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá ìwádìí rí i pé omi rẹ̀ ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti tètè dì, ó sì ń dá àwọn kòkòrò àrùn kan lọ́wọ́ kọ́. Àwọn dókítà Vietnam tilẹ̀ fi ṣe oògùn kan tí wọ́n pè ní Eupolin, fún ara tó jóná àti fún ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tó mọ́ ni wọ́n ti ṣe Eupolin. Ewé tiwa, erùpẹ̀ wà lára rẹ̀, àwọn mìíràn a sì tún máa fi ẹnu jẹ ẹ́ kí wọ́n tó fi lé ọgbẹ́, èyí tó burú jù.

Bàbá àgbà sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan fún mi, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lóko ní kété lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Níbi tí wọ́n ti ń pa kòkó, àdá wọlé sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi Akíntọ́lá sí i, ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n fi àkísà dì í. Ní ọjọ́ kẹta ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, kò lè la ẹnu jẹun mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, gbogbo ara rẹ̀ gan. Àwọn kan ní ayé ló ń bá a jà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ṣáà ti dúró, ọgbẹ́ sì ti ń jinná. Ó kú. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó sọ gbólóhùn yẹn.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé nínú ọgbẹ́ tó jìn ló sì fẹ́ràn jù. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó tó fi ara hàn. Kitasato, ọmọ Jàpáànù tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ti yà á sọ́tọ̀ ní 1889, Gaston Ramon sì ti ṣe èyí tí wọ́n fi ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1920. Nígbà tí àdá ṣá ọkùnrin yẹn, abẹ́rẹ́ náà ti wà láyé fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ewé tó ti Amẹ́ríkà wá, tó ń gun afẹ́fẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́, ti dé oko Bàbá. Abẹ́rẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kò tíì dé ibẹ̀. Èyí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo gbé gálọ́ọ̀nù omi mímọ́ kan, ọṣẹ àti aṣọ funfun tí a ti fọ̀ lọ sí ahéré. Mo ṣàlàyé fún àwọn òṣìṣẹ́ Bàbá pé aṣọ ni kí wọ́n fi tẹ ọgbẹ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ, kí wọ́n fi òmíràn lé e lórí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró lójú ọgbẹ́ tí kò jìn, kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Èyí tó bá jìn tàbí tí erùpẹ̀ bá wọ̀, kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dá. Mo fẹ́ ṣán Akíntọ́lá tó wà lẹ́yìn ahéré pẹ̀lú, nítorí olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa kò fẹ́ rí i sójú. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní òun ló lé èkan kúrò lórí ilẹ̀ náà, àti pé, “Bí gálọ́ọ̀nù rẹ bá jò ńkọ́?”

Kí n tó kúrò, mo bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ewé náà kí Akíntọ́lá tó gorí oyè. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní bàbá àwọn kò fún un lórúkọ kankan. “Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí” ni wọ́n kàn máa ń pè é.