Ibi Tí Ojú Kahnweiler Wà Nínú Àwòrán Picasso

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwòrán tí Pablo Picasso ya Daniel-Henry Kahnweiler ní ọdún 1910 lè rò pé dígí ló fọ́ síwájú òun. Àwọ̀ búráùn, àwọ̀ eérú, dúdú àti funfun ló gba gbogbo orí kánfáásì náà, igun ń gun igun. Èèyàn náà dà?

Ọmọ Jámánì ni Kahnweiler, ìlú Mannheim ni wọ́n bí i sí ní 1884. Ní 1907 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní òpópónà Vignon ní Paris, ó sì ń ra iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò kà sí. Ibẹ̀ ni Georges Braque ti pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1908. Nígbà tí Louis Vauxcelles, alárìíwísí iṣẹ́ ọnà, máa kọ̀wé nípa ìpàtẹ náà, ó ní Braque ti sọ gbogbo nǹkan di kúùbù. Bí orúkọ Cubism, tí wọ́n fi ń pe irú ọ̀nà ìyàwòrán yìí, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nìyẹn.

Kahnweiler wà nínú àwòrán Picasso náà o. Ẹ wo òkè: irun rẹ̀ ló lọ́ yẹn. Ẹ̀wọ̀n aago wà láyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì pàdé nísàlẹ̀. Picasso sọ fún Françoise Gilot, ayàwòrán tó bá a gbé, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1964, pé òun ló dìídì fi irú àmì bẹ́ẹ̀ kún un, kí àwòrán náà má baà parẹ́ mọ́ni lójú. Àwọn àmì kékeré wọ̀nyí ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà. Bí a bá yọ wọ́n kúrò, àwòrán ẹnikẹ́ni ni.

Lọ́dún 1910 kan náà ni Picasso ya Ambroise Vollard, oníṣòwò àwòrán bíi ti Kahnweiler. Èèyàn tètè ń dá Vollard mọ̀, nítorí iwájú orí rẹ̀ tó pá yọ kedere.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, ọmọ Jámánì kò lè ṣòwò ní Paris mọ́. Kahnweiler sá lọ sí Switzerland. Ìjọba Faransé gba gbogbo ọjà rẹ̀, wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo láàárín 1921 sí 1923. Àwòrán òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n tà. Ìwà ìkà ni.

Láti 1948 ni àwòrán náà ti wà ní Art Institute of Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá débẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọwọ́ nísàlẹ̀, kó máa wò ó lọ sókè díẹ̀díẹ̀.