Àbàwọ́n ara owó àtijọ́: èyí tí a lè yọ àti èyí tí a máa fi sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní agolo kékeré tí àwọn òbí wa kó owó àtijọ́ sí: ọ̀nínì, eépìnnì, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè, owó tí wọ́n ń ná kí náírà tó dé ní 1973.

Ìyá bàbá mi fi ṣílè 1913 kan sílẹ̀ fún mi. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o bí ẹni ń bó ìkòkò, ó sì ń dán gbinrin. Oníṣòwò owó àtijọ́ tí mo mú un lọ bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí. Mo ti ha ojú rẹ̀, ó sì ti pàdánù iyì. Kí ó má bàa ṣe ẹ̀yin náà ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe owó náà. Ṣílè 1913 sí 1919, fàdákà ni. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ irú àbàwọ́n tó wà lára rẹ̀:

Dúdú lára fàdákà: imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló fà á. Ẹ fi sílẹ̀. Àwọn tó ń kó owó jọ fẹ́ràn rẹ̀.

Tóótòòtó dúdú lára bàbà tàbí idẹ: ó ti jẹ wọnú. Ẹni tó bá ha á yóò dá ihò síbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀.

Àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́: láti ara ọ̀rá PVC tí a fi owó sí ni. Èyí ṣeé yọ.

Àwọ̀ ewé líle lára bàbà: ẹ rẹ ẹ́ sínú òróró ólífì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ẹ fi igi ìtayín rọra tì í. Bí kò bá ṣí, ẹ má fi agbára mú un.

Àwọ̀ ewé fífẹ́lẹ́ bí ìyẹ̀fun, tó ń padà wá: iyọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ pa á mọ́ níbi gbígbẹ, kí ẹ mú un lọ bá ẹni tó mọṣẹ́.

Fún ti ọ̀rá PVC àti òróró, acetone gidi ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, torí wọ́n máa ń po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ẹ bu ú sínú ife gíláàsì, kì í ṣe rọ́bà. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sì sí nítòsí. Ẹ rẹ owó náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi acetone tuntun ṣàn án, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má nù ún. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú.

Ọṣẹ ìfọyín, ọtí kíkan, ọsàn, yanrìn àti ọṣẹ ìdánrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí wọn. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣílè ìyá bàbá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú tó fi rí i kọ́ ni mo fi ń rí i mọ́.