Bí Òfin Owó Epo Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Tó Lọ́jú Pọ̀

Bí ọ̀nà kan bá bàjẹ́ ní Abuloma tí a ń gbé yìí, ta ni a ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí? Ìjọba ìbílẹ̀ ni, ìjọba ìpínlẹ̀ ni, àbí NDDC? Ọ̀rọ̀ náà kò fìgbà gbogbo rí báyìí.

Ní 1960, ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ ọ́ ní ṣókí: ìdajì owó ìṣákọ́lẹ̀ tí ìjọba bá gbà lórí epo rọ̀bì yóò padà sí ẹkùn tí a ti wà á. Èyí yé àwa Yorùbá dáadáa, nítorí irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn fi jẹ àǹfààní kòkó.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun sọ ìdajì náà di ìdá 45 nínú 100 ní 1970. Ní 1971, wọ́n ní ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni epo inú òkun. Ní 1975 ìpín náà di 20, nígbà tó fi máa di 1992, ìdá 3 péré ni. Ìwé òfin 1999 wá ní kò gbọdọ̀ dín ní 13. Ẹjọ́ dé: ṣé epo inú òkun wà nínú rẹ̀? Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní rárá ní 2002. Àwọn ìpínlẹ̀ etí òkun fárí gá, òfin mìíràn sì jáde ní 2004 pé kí a ka epo mọ́ tiwọn dé ibi tí omi bá jìn tó mítà 200. Láti orí ìdajì, a dé orí wíwọn ìsàlẹ̀ òkun!

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn àjọ. Ìgbìmọ̀ Willink ló kọ́kọ́ dámọ̀ràn ọ̀kan ní 1958. OMPADEC dé ní 1992. NDDC gba ipò rẹ̀ ní 2000, ó sì jogún gbèsè rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára mẹ́sàn-án tí ó ń bójú tó. Ní 2008, wọ́n tún dá ilé iṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ lé e lórí. Lójú tèmi, kì í ṣe ìwà jìbìtì nìkan ló fà á. Bí ará ìlú bá ké, ó rọrùn fún ìjọba láti dá nǹkan tuntun sílẹ̀ ju kí ó tú ti àtijọ́ ká lọ, torí àwọn tó ń jẹ níbẹ̀ kò ní gbà.

Òfin epo 2021 tún fi tirẹ̀ kún un: kí ilé iṣẹ́ epo máa yọ ìdá 3 nínú 100 owó tó ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá fún àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn, kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba kankan ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ, bí kò ṣe ọ̀dọ̀ àwọn alábòójútó owó náà.