Kì í Ṣe Àlọ́ Ló Bí Ilé Bisikíìtì Atalẹ̀

Bí Kérésìmesì bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, òbí àtọmọ á pagbo yí tábìlì ká, wọn á máa fi bisikíìtì alátalẹ̀ kọ́ ilé kékeré, wọn á sì fi ṣúgà funfun ṣe òrùlé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìtàn tí ọmọ sábà máa ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé àlọ́ Hansel àti Gretel ti Jacob àti Wilhelm Grimm ló bí àṣà náà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àlọ́ náà fúnra rẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1812. Búrẹ́dì ni ògiri ilé àjẹ́ kan tó wà nínú igbó, kéèkì ni òrùlé, ṣúgà ni fèrèsé. Kò dárúkọ atalẹ̀, kò sì dárúkọ Kérésìmesì. Ọ́pẹ́rà tí Engelbert Humperdinck ṣe látinú àlọ́ náà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Weimar lóṣù Kejìlá 1893, ló fi àwọn ọmọ tí àjẹ́ sọ di bisikíìtì ṣe ọgbà yí ilé ká.

Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà ti dàgbà kí wọ́n tó bí àwọn Grimm. Ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, àkọsílẹ̀ ti dárúkọ àwọn tó ń ṣe bisikíìtì alátalẹ̀ tí wọ́n ń fi oyin pò yìí láti 1395. Ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ kò fara sin. Igbó ọba tó yí ìlú náà ká kún fún àwọn tó ń sin oyin, àwọn oníṣòwò sì ń kó atalẹ̀, kànáfùrù àti ata gba ibẹ̀ kọjá. Oyin inú bisikíìtì náà kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ní 1487, Ọba Frederick Kẹta pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdé ìlú náà jọ, ó sì há bisikíìtì náà fún wọn. Ní 1643, àwọn tó ń ṣe é dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Àwọn agbẹ́gi ń gbẹ́ ojú èèyàn, ẹṣin àti ọkàn sára pátákó, wọ́n ń tẹ ìyẹ̀fun pípò mọ́ ọn kó lè gba àwòrán náà. Ọ̀ṣọ́ ni gbogbo èyí, kò sì sí ọwọ́ àlọ́ kankan níbẹ̀.

Mi ò ní gba tọwọ́ àlọ́ náà o. Lójú tèmi, òun ló jẹ́ kí ilé gbajúmọ̀ ju ẹṣin àti ọkàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé gbogbo ọlá fún un ti pa iṣẹ́ àwọn tó ń sin oyin, agbẹ́gi àti oníbúrẹ́dì rẹ́ lójú ọmọ, èyí ló sì ń dùn mí. Ní àríwá Croatia, wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ ṣe bisikíìtì alátalẹ̀ tó rí bí ọkàn pupa, wọ́n ń kọ orúkọ sí i lára, wọ́n ń lẹ dígí mọ́ ọn. UNESCO kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé ogún rẹ̀ ní 2010, kò sì sí àjẹ́ kankan nínú ìtàn rẹ̀.